Ìpàdé àdúgbò lórí pàǹtí: báwo la ṣe máa ṣe é tí kò níí parí sórí ìrẹsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá a ṣe ọjọ́ kan tá a pè ní ọjọ́ àyíká, a gba kánópì, a pe ẹni tó wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rá àti pàǹtí, àwọn èèyàn jẹun wọ́n lọ, ìgbà tó fi máa dalẹ́ àwo fóòmù àti ọ̀rá pure water ló kún gọ́tà. A tún fẹ́ ṣe é lọ́dún yìí, ká fi kọ́ ara wa bá a ṣe lè dín pàǹtí kù ká sì gbin ẹ̀fọ́ díẹ̀ sẹ́yìn ilé. Ìgbà wo ló dáa jù, kí la máa ṣe lọ́jọ́ náà, báwo la sì ṣe máa ṣe é tí kò níí kú lọ́jọ́ kejì?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ gan-an, akọ̀wé wa. Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa torí irú ẹ̀ ti ṣojú mi rí. Àdúgbò kan pè mí lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní wolé-wolé ni mí kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀, mo gba máìkì mo sì sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan àtààbọ̀ lórí àrùn tó ń ti ara ìdọ̀tí wá, kí n tó parí àwọn màmá tó wà níwájú ti ń tòògbé, àwọn ọ̀dọ́ ti wọnú fóònù wọn lọ. Látọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá pè mí, mo máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ la máa ṣe, ọ̀rọ̀ ò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbà. Oṣù kẹta ni mo máa mú tó bá jẹ́ èmi, kí òjò tó wọlé dáadáa, torí gọ́tà ṣì gbẹ nígbà yẹn, ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ bá sì gbìn, òjò àkọ́rọ̀ á bá yín bomi rin ín. Ẹ fi sí Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó, àtìgbà ìjọba ológun Buhari làwọn èèyàn ti mọ ọjọ́ yẹn, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa wá ọjọ́ míì. Ní ti ìdí tó fi yẹ ká kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, ẹ̀yin ará Ìbàdàn ò tún nílò kẹ́nì kan máa ṣàlàyé fún yín. Àwọn àgbà ṣì ń sọ ti omíyalé odò Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, èyí tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 náà pa èèyàn tó lé ní 100. Òjò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ odò tí wọ́n ti da pàǹtí dí, tí wọ́n tún wá kọ́lé sétí ẹ̀, ibo lẹ fẹ́ kí omi ẹ̀ gbà? Ẹ wá bàbá tàbí màmá kan ládùúgbò tó fojú ara ẹ̀ rí i, kí wọ́n jókòó sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo wí yẹn, ọ̀rọ̀ wọn á wọlé ju tèmi lọ.

Nǹkan kan tó máa ń dùn mí ni ẹrẹ̀ tá a bá kó jáde látinú gọ́tà. Wọ́n á kó o jọ sétí gọ́tà náà, wọ́n á lọ sílé, òjò kan ṣoṣo á sì dá gbogbo ẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìmọ́tótó ní lókàlù yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ ti bá wọn ṣàdéhùn bí wọ́n ṣe máa kó o. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e lọ sídìí ẹ̀fọ́ o! Ó máa ń dúdú bí ilẹ̀ tó lọ́ràá, àmọ́ bátìrì, ọ́ìlì mọ́tò, ìgbẹ́, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Oúnjẹ wá kàn, ibẹ̀ gan-an lọ́rọ̀ ti bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má fún èèyàn lóúnjẹ, ta ló máa wá? Ẹ kàn kéde ẹ̀ lórí WhatsApp, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, pé kí kálukú mú àwo àti kọ́ọ̀pù tiẹ̀ dání. Ẹ ṣe mọ́ínmọ́ín elewé àti ẹ̀kọ, ewé eéran gidi, kì í ṣe ọ̀rá, ẹ gbé omi sínú kúlà ńlá dípò pure water. L'Ékòó ìjọba ti fòfin de àwo fóòmù láti oṣù kìn-ín-ní 2024, àmọ́ ẹ ò nílò kí ìjọba kankan fòfin de yín kẹ́ ẹ tó jẹun nínú àwo tẹ́ ẹ gbé wá látilé. Ewé tí wọ́n bá tú kúrò lára mọ́ínmọ́ín, ẹ má jù ú nù, òun ló máa bá wa bẹ̀rẹ̀ ajílẹ̀, ìyẹn pàǹtí tó jẹrà di ilẹ̀ ọlọ́ràá, níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Ajílẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣe olórí ètò náà, torí èyí tó pọ̀ jù nínú pàǹtí ilé wa ló jẹ́ nǹkan tó lè jẹrà, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ọsàn, ìdí ẹ̀fọ́. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n rí i pé ata àti ẹ̀gúsí máa ń hù fúnra wọn lórí ààtàn, ọ̀rá àti ike tó wá dà pọ̀ mọ́ ọn láyé ìsinsìnyí ló ba ààtàn jẹ́. Ẹ wá igun kan tí oòrùn ò ti mú jù, ẹ kó o jọ títí á fi tó bíi mítà kan níbùú àti lóòró, torí tó bá kéré jù kì í gbóná. Ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó tí ayùn gé jáde lẹ máa kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá da èèpo tútù lé e, bí ọwọ́ méjì ewé gbígbẹ sí ọwọ́ kan èèpo tútù, ẹ lè bu ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ sí i, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kó rí bí aṣọ tí wọ́n ti fún. Ẹran, egungun, ọbẹ̀ elépo, pampers àti ìgbẹ́ ajá ò gbọdọ̀ wọbẹ̀, èkúté ló máa pè wá. Ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó bà jẹ́, omi ẹ̀ ló pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ sí i kẹ́ ẹ yí i dáadáa, òórùn yẹn á lọ. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta ó ti di dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Nǹkan tó máa yí àwọn èèyàn lọ́kàn padà rèé: ẹ ti ṣe ọ̀kan sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ yí i lójú wọn. Èéfín á máa rú jáde láàárín ẹ̀ láìsí iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n nawọ́ sún mọ́ ọn. Àwọn ọmọdé ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Kẹ́ ẹ wá fún ilé kọ̀ọ̀kan ní irúgbìn ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n gbìn ín sínú àpò sìmẹ́ǹtì níbẹ̀ kí wọ́n sì gbé e lọ sílé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà wọ́n ti ń já a sínú ìkòkò. Àwọn tẹ́náǹtì tí ò nílẹ̀ náà lè gbé àpò tiwọn sẹ́nu ọ̀nà.

Ike àti agolo, ẹ pe àwọn tó máa ń rà á kí wọ́n gbé ìwọ̀n wá, kówó ẹ̀ wọ àpò ẹgbẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Ẹ tún ní kí ṣọbàtà, télọ̀ àti oníná àdúgbò jókòó síbì kan kí wọ́n máa tún nǹkan ṣe. Ní Amsterdam ní 2009, obìnrin kan tó ń jẹ́ Martine Postma bẹ̀rẹ̀ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọ̀dọ̀ tiwa àwọn ọ̀gá yìí ti wà lójú títì tipẹ́, ṣe ni kẹ́ ẹ fún wọn ní tábìlì àti àyè.

Kó má baà kú, ẹ má gbé e lé gbogbo àdúgbò lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ilé márùn-ún tó fẹ́ ẹ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n máa fi yí ajílẹ̀ náà, kí ìyá àgbà kan tàbí tíṣà kan jẹ́ olórí wọn, kì í ṣe alága, alága ti níṣẹ́ púpọ̀. Kẹ́ ẹ tó túká lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ ti dá ọjọ́ kejì, ní oṣù mẹ́ta sígbà yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ fún gbogbo ilé tó bá gbé èèpo wá pé kí wọ́n mú garawa dání lọ́jọ́ yẹn, torí wọ́n máa wá gba ìpín tiwọn nínú ajílẹ̀ náà.