Mo fẹ́ dá wakọ̀ láti Èkó wá sí Òṣogbo, kí n máa tọ́ ọtí ìbílẹ̀ wò lọ́nà. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sùúrùlérè ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Obìnrin ni mí, mo ti pé ogójì ọdún, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń wa ọkọ̀ ara mi. Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń rí àwọn òyìnbó tó ń dá wakọ̀ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń yà ní àwọn ilé ìpọntí kéékèèké láti tọ́ bíà wọn wò. Ó wù mí kí n ṣe irú ẹ̀ nílẹ̀ wa. Mo fẹ́ wakọ̀ wá sí Òṣogbo, kí n yà wo àwọn tó ń dẹ́mu àti àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kí n máa tọ́ ọ wò lọ́nà. Èmi nìkan ni mò ń bọ̀. Kí ni kí n ṣọ́ra fún? Ṣé mo sì lè gbé díẹ̀ lọ fún àwọn ará ilé?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ó ṣeé ṣe, inú mi sì dùn sí i gidi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń mú àlejò kiri Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ni gbogbo wọn ń bèèrè, àwọn díẹ̀ a bèèrè àwọn aláró. Ẹni tó ń bèèrè bí a ṣe ń pọn ọtí wa ò pọ̀ rárá. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ ká yọ kúrò nínú ètò yín: “kí n máa tọ́ ọ wò lọ́nà.” Ẹ máa wò ó lọ́nà, ẹ bèèrè, kódà ẹ rà á. Òṣogbo ni kí ẹ ti tọ́ ọ wò, nígbà tí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ sínú yàrá. Ẹni tó dá wakọ̀ ò ní ẹni tó máa gba síárìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí àwọn òyìnbó ń ṣe yẹn yàtọ̀ sí tiwa níbì kan tó ṣe pàtàkì. Ní Amẹ́ríkà, irú àwọn ilé ìpọntí kéékèèké bẹ́ẹ̀ ti lé ní 9,000. Wọ́n a bu bíà oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú ife kéékèèké, wọ́n a tò ó sórí pákó pẹlẹbẹ, wọ́n a sì ti kọ agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tí oníbàárà máa rí i. Ẹni tó ń tọ́ ọ wò mọ iye tó ń mu. Ẹmu ò ní nọ́ńbà lára. Èyí tó dùn bí omi ṣúgà láàárọ̀ lè ti máa gbé àgbàlagbà ṣubú nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, inú akèrègbè kan náà ló sì wà.

Ẹ jẹ́ ká fi bíà ṣírò rẹ̀, torí òun la mọ agbára rẹ̀. Ìgò ńlá kan, 60cl, tó jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní ojúlówó ọtí tó tó gíráàmù 24 nínú. Ara ènìyàn kì í lò ju bíi gíráàmù 7 tàbí 8 lọ ní wákàtí kan. Ìgò kan á gbà tó wákàtí mẹ́ta kó tó kúrò lára tán, ìgò méjì á gba mẹ́fà. Kọfí ò lè lé e, ìwẹ̀ omi tútù ò lè lé e. Obìnrin àti ọkùnrin tí wọ́n wúwo bákan náà lè mu iye kan náà, kí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin jù, nítorí omi tó wà nínú ara obìnrin kéré sí ti ọkùnrin. Òfin ìrìnnà wa ní Nàìjíríà ò gbà ju gíráàmù 0.05 lọ nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Fún ẹni tó dá wà lójú títì, èmi ò gbà ju òdo lọ.

Àwa Yorùbá ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí. Ọbàtálá tí Olódùmarè rán wá dá ilẹ̀, ṣé ẹ rántí pé ẹmu ló dá a dúró lọ́nà? Ó mu ún, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gbé iṣẹ́ náà ṣe. Títí dòní, àwọn ọlọ́bàtálá kì í fẹnu kan ẹmu. Tí ẹ bá fi lọ olórìṣà kan ní Òṣogbo tó sì kọ̀, ẹ má rò pé ó ń fojú di yín, èèwọ̀ rẹ̀ ni. Mùsùlùmí náà pọ̀ nílùú wa gan-an. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu wọ agbo ilé kankan láìbèèrè.

Ọ̀nà ò le. Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ má rin òru. Gbogbo rẹ̀ tó bíi kìlómítà 230, ṣùgbọ́n sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bí ẹ ṣe ń jáde l'Ékòó lè jẹ wákàtí kan sí méjì mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ra epo, kí ẹ sì yẹ táyà wò ní Ìbàdàn, títí kan táyà apààrọ̀. Láti Iwo Road ẹ bọ́ sí ọ̀nà Ifẹ̀, ẹ kọjá Aṣéjíré níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun, ẹ dé Ìkirè, ẹ yà sọ́wọ́ òsì ní Gbọ̀ngán, ẹ gba Òdè-Òmù, Akódà àti Ẹdẹ wọ Òṣogbo. Kí ẹnì kan nílé máa rí ibi tí ẹ dé lórí WhatsApp. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó gbéra.

Ìkirè ni kí ẹ ti sinmi. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ra dòdò Ìkirè, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rọ̀ ṣe, tí wọ́n po mọ́ ata, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí ó fi dúdú. Irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa fi ń pọn àgàdàgídí. Wọ́n a bó o, wọ́n a rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n a sẹ́ ẹ. Àwọn tó ṣì ń pọn ọ́n kò pọ̀ mọ́. Tí ẹ bá rí i, ó jẹ́ ẹ̀bùn.

Tí ẹ bá ti dé, ẹ gbé ọkọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì, kó wà níbẹ̀. Láàárín ìgboro, kọ́rọ́ọ̀pù àti ọ̀kadà ò wọ́n. Tí a bá ń lọ sóko, a máa háyà ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ tí kì í mutí.

Ọ̀dọ̀ adẹ́mu la kọ́kọ́ ń lọ, àárọ̀ kùtù sì ni. Ẹ ò ní kí i ní “ẹ káàárọ̀” lásán. “Igbà á rọ̀ o!” là ń kí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ. Igbà ni okùn tó fi so ara rẹ̀ mọ́ igi, ẹ̀mí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ okùn yẹn. Mo ti rí àlejò tó kí baba báyìí, tí baba sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ wá fún un ní ìjókòó. Baba tí mo máa ń mú àlejò lọ bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Á ju igbà sókè, á gbé ẹsẹ̀, á tún jù ú, títí yóò fi dé ọrùn ọ̀pẹ. Á fi ọ̀bẹ ha ojú ibi tí ẹmu ń ti kán, bí ìgbà tí èèyàn ń gé èékánná ọmọ tuntun, á yọ akèrègbè àná, á fi òmíràn síbẹ̀. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi etí sí ẹnu akèrègbè yẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ wuruwuru nínú.

Ohun tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ bá wá láti Èkó. Omi ọ̀pẹ ò ní ọtí kankan nínú nígbà tó ń kán. Ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, ó tó bíi ìdá 10 sí 12 nínú 100. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè ló ń jẹ ṣúgà náà, tó ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tó ń hó. Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí èyí tí ẹ mu lábẹ́ igi ò fi lè jọ èyí tí ẹ máa mu lálẹ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ti kan. Ẹ bèèrè bóyá ẹmu ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀, torí igi ọ̀tọ̀ ni ògùrọ̀, ẹ̀bá àbàtà ló máa ń gbé, adùn wọn sì yàtọ̀. Kòkòrò tó bá kú sínú ẹmu kì í dẹ́rù bà mí, wọ́n a sẹ́ ẹ. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹmu ojú títì tí wọ́n ti bu omi àti ṣúgà àtọwọ́dá (saccharin) sí. Ó máa ń fi kíkorò sílẹ̀ lórí ahọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní sùúrù tiẹ̀. Màmá kan tó ń pọn ọ́n ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ a máa rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì, á tẹ́ ẹ sórí ewé, á fi àpò bò ó, á máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hù. Nígbà tó ṣí àpò yẹn fún mi lọ́jọ́ kan, ooru ló kọ́kọ́ kọ lù mí lójú. Gbòǹgbò funfun wẹ́wẹ́ ti lọ́ mọ́ ara wọn bí òwú. Ó já ẹyọ kan fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́. Àgbàdo líle tó wọ omi lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn ti ń dùn. Híhù yẹn ló ń sọ oúnjẹ líle inú ọkà di ṣúgà. Lẹ́yìn náà ni yóò sá a, yóò lọ̀ ọ́, yóò sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, yóò sẹ́ ẹ, yóò jẹ́ kó tutù, yóò sì fi sílẹ̀ kó máa hó. Tí wọ́n bá fi ọkà bàbà ṣe é, ọ̀nà kan náà ló ń gbà.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò. Ní 1988 tí ìjọba fòfin de kíkó bálì wọ Nàìjíríà, ọkà bàbà tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa látijọ́ ni wọ́n sá tọ̀. Iléṣà ò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni International Breweries ti ń pọn Trophy láti 1978. Ẹnu géètì lásán lẹ máa rí tí ẹ bá ṣàdédé yọ síbẹ̀, ẹ kọ̀wé ṣáájú tó bá wù yín láti wọlé.

Ògógóró ńkọ́? Ẹ má mu èyí tí wọ́n bù láti inú kẹ́ẹ̀gì, ẹnikẹ́ni ì báà fi lọ̀ yín. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọtí tí mẹ́tánọ́ọ̀lù, májèlé kan tó jọ ojúlówó ọtí, wà nínú rẹ̀ pa èèyàn púpọ̀. Àwọn kan a máa dáná sí i, wọ́n á ní tó bá jó búlúù, ó dára. Irọ́ ni, mẹ́tánọ́ọ̀lù náà ń jó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mu ún lè má mọ nǹkan kan títí di ọjọ́ kejì, kí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, kó máa bì, kí ojú rẹ̀ máa ṣú. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ká má fi àgbo fa àkókò. Bákan náà, tí inú bá ń run yín lójú ọ̀nà tí ẹ lo Flagyl, ẹ gbàgbé ọtí pátápátá, wọn kì í lò ó pọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ bèèrè ná. Ẹ san owó ohun tí ẹ tọ́ wò, kódà tí Màmá bá ní kí ẹ má san. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà méje ló wà nínú ife yẹn.

Ní ti gbígbé lọ sílé: ẹ má dé e pinpin. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu sínú búùtù nígbà kan, mo sì fún ìdérí rẹ̀ dáadáa, mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀. N ò tíì dé Gbọ̀ngán tí mo gbọ́ ariwo bí ìgbà tí táyà bẹ́. Ó ṣe bí oṣù méjì kí òórùn kíkan tó kúrò nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ má kún un dé ẹnu, ẹ tú ìdérí díẹ̀, ẹ gbé e dúró ṣinṣin sínú bẹ́sìn, kó wà ní búùtù tí ọwọ́ yín ò ti ní kàn án. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ wọn á le ju èyí tí ẹ mu lọ. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni kí ẹ ti mu èyí tí ẹ máa mu kẹ́yìn, kó má sì pọ̀. Tí ẹ bá fi ife sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí ẹ sùn dáadáa, ara yín á ti mọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan síárìn ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta.

Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí n bá baba adẹ́mu sọ ọ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló máa ń gùn. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, yóò dúró kí ara ọ̀pẹ gbẹ, àwa náà á sì jókòó dè é.