Pátínà Mi Fọn Ọ́n Lódì: Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́ Rẹfirí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Baskẹ́tìbọ́ọ̀lù ni mo máa ń ṣe rẹfirí fún, àwa méjì la sì jọ máa ń wọ pápá. Nínú eré kan báyìí bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ pátínà mi jáde, ó fọn fèrè, ó nawọ́ pé ti àwọn tó wọ funfun ni, bẹ́ẹ̀ èmi rí i kedere pé ìka ẹni tó wọ funfun ló kan bọ́ọ̀lù yẹn gbẹ̀yìn. Mo fọn tèmi náà látibi tí mo dúró sí, mo nawọ́ sódì kejì, mo ní ti àwọn tó wọ pupa ni. Ariwo sọ, kóòṣì méjèèjì bọ́ sójú pápá, pátínà mi ò sì yà sọ́dọ̀ mi mọ́ títí eré fi parí. Ẹ̀gbọ́n, mi ò purọ́ o. Kí ni mo ṣe tó burú tó bẹ́ẹ̀? — *Ojú Mi Ló Rí I*

Ìdáhùn: Àbúrò, mo gbà pé ojú ẹ ò tàn ẹ́. Àmọ́ wò ó, ìgbà tó o fi máa gbé ọwọ́ ẹ sókè, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ta ló ni bọ́ọ̀lù, ó ti di rẹfirí méjì tó ń bára wọn fa á níwájú èrò, àti látìgbà yẹn lọ kò sí fáùlù tí ẹnikẹ́ni nínú yín máa fọn tí kóòṣì ò ní kọ́kọ́ wojú ẹnìkejì bóyá òun náà gbà. Òfin FIBA, àjọ tó ń darí baskẹ́tìbọ́ọ̀lù lágbàáyé, ò fi ibẹ̀ pamọ́: rẹfirí kọ̀ọ̀kan láṣẹ níbi tí iṣẹ́ ẹ̀ dé, kò sì sí èyí tó láṣẹ láti da ìdájọ́ ẹnìkejì nù. Àwọn kan wá ń túmọ̀ ẹ̀ sí "panu mọ́, ti ẹ kọ́", mi ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Òfin ní má da ìdájọ́ ẹ̀ nù, kò ní kó o má sọ ohun tó o rí fún un.

Ohun tó yẹ kó o ṣe rèé. Fọn fèrè kúkúrú kan kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé bọ́ọ̀lù wọlé, má nawọ́ síbì kankan, yára tọ̀ ọ́ lọ, sún mọ́ ọn débi tí ohùn jẹ́jẹ́ á fi dé etí ẹ̀, kó o wá sọ gbólóhùn kan péré: "Ìka funfun ló kàn án gbẹ̀yìn, mo rí i, ó dá mi lójú." Ó tán. Má sọ pé "o ṣì í", má sọ pé "yí i padà". Ẹ̀rí lo mú wá, òun ló ni ẹjọ́. Tó bá gbà, òun fúnra ẹ̀ ni kó fọn fèrè, kó nawọ́ sódì kejì, kó sọ ọ́ sókè kí àwọn ará tábìlì gbọ́, ìwọ á ti padà sáyè ẹ nígbà yẹn. Tó bá ní "mo rí ìka yẹn, àmọ́ pupa tún fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ẹ̀", ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni, ibi tó o dúró sí ni ò jẹ́ kó o rí i, kí bọ́ọ̀lù máa lọ. Ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀ o, tẹ́ ẹ bá dúró pẹ́ díẹ̀ báyìí àwọn kóòṣì á ti wá di ẹlẹ́kẹta yín.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan lèèyàn ń gbé tọ pátínà lọ náà ṣá. Ta ló kan bọ́ọ̀lù gbẹ̀yìn, ṣé ẹsẹ̀ ẹni tó jù ú tẹ ìlà póínǹtì mẹ́ta, ṣé aago ti tán kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé ẹni tí wọ́n ṣe fáùlù sí gan-an ló fẹ́ ju free throw yìí, ìyẹn bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń jù nítorí fáùlù, àbí èyí tó mọ̀ ọ́n jù nínú wọn ti rọra bọ́ síbẹ̀, ìwọ̀nyẹn ohun tójú rí ni, gbé e lọ. Àmọ́ kí ẹni méjì fara gbára níwájú pátínà ẹ, kó fọn ún pé ẹni tó dínà ló jẹ̀bi, kíwọ tó wà lókèèrè wá lọ máa sọ fún un pé ẹni tó ń sáré bọ̀ ló jẹ̀bi, ìyẹn ti di èrò tìẹ sí èrò tiẹ̀, fi í sílẹ̀ fún un, òun ló sún mọ́ ọn. Tó bá sì jẹ́ "ó jọ pé" ló wà lọ́kàn ẹ, gbé e mì.

Òfin tiẹ̀ fún yín láyè díẹ̀ lórí àwọn àṣìṣe kan, bíi kẹ́ ẹ fún ẹni tí ò tọ́ sí ní free throw, tàbí kẹ́ ẹ ka póínǹtì tí kò yẹ kẹ́ ẹ kà. Kódà tí aago bá ti ń lọ lẹ́yìn àṣìṣe yẹn, ẹ ṣì lè tún un ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kọ́kọ́ kú, ìyẹn tí eré bá dúró, kó tó tún jí padà. Ta ló ni bọ́ọ̀lù tó jáde ò sí nínú àwọn yẹn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o yá ẹsẹ̀.

Àwọn oníháńdíbọ́ọ̀lù ló ro ọ̀rọ̀ yìí dópin jù lójú tèmi. Rẹfirí méjì ni wọ́n ń lò, àṣẹ kan náà ni wọ́n sì ní. Tí àwọn méjèèjì bá fọn fèrè, tí ọwọ́ kálukú wá ń nà sódì, wọ́n gbọ́dọ̀ dá aago dúró, kí wọ́n sọ ọ́ láàárín ara wọn, kí wọ́n jáde pẹ̀lú ìdájọ́ kan, tí wọn ò bá sì rí i yanjú, ti ẹni tó wà nínú pápá ló máa borí ti ẹni tó wà nídìí gòlù. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbà pé ẹgbẹ́ kan náà ló jẹ̀bi àmọ́ ìyà tí wọ́n fẹ́ fún un ló yàtọ̀, èyí tó le jù ni wọ́n máa mú. Kò sí pé ta ni ọ̀gá ta ni.

Tó o bá fẹ́ rí ohun tí ọwọ́ yíyá ń fà, wá fọ́tò eré Seattle àti Green Bay ti ọjọ́ 24 oṣù September 2012 nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, wò. Ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn eré ni, bọ́ọ̀lù já sáàárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ayò tó wọ́ jọ, rẹfirí méjì sáré dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pé touchdown ni, ìyẹn pé ayò ti wọlé, èkejì ń ju ọwọ́ kọjá ara wọn lókè orí pé kí aago dúró. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn o, tí wọ́n bá ti wojú ara wọn kí ọwọ́ tó gòkè ni. Touchdown yẹn dúró, Seattle borí pẹ̀lú 14 sí 12. Àwọn rẹfirí adelé ni wọ́n, torí NFL àtàwọn rẹfirí tiẹ̀ ń bára wọn fà á lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásìkò yẹn, ọjọ́ méjì lẹ́yìn eré náà ni wọ́n rí ìyẹn yanjú.

Ní ti pátínà ẹ tó ń yan odì, ìwọ lọ bá a. Sọ fún un pé tó bá tún ṣẹlẹ̀ wà á máa tọ òun wá, kẹ́ ẹ sì jọ fẹnu kò kí eré tó bẹ̀rẹ̀ lórí àmì tẹ́ ẹ máa fi pe ara yín.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú làákàyè. Mo ti dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ láìnsímàn, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tèmi. Rẹfirí wa, ọmọdé sí mi ni, fọn pẹ̀náritì, bẹ́ẹ̀ ìta ìlà ni wọ́n ti gbé ọmọ náà ṣubú, ọ̀dọ̀ mi gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Kò wojú mi, kò bi mí, mo sì dákẹ́, torí òun ni ọ̀gá inú pápá. Wọ́n gbá a wọlé. Ó ń dùn mí. — *Bàbá Alásìá*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira, bàbá. Òótọ́ ni pé ti rẹfirí ni ìdájọ́ ìkẹyìn, Òfin Karùn-ún ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin yẹn kan náà ló ní ó lè yí ìpinnu ẹ̀ padà tóun fúnra ẹ̀ bá rí i pé òun ṣì í tàbí tí ẹlòmíì nínú yín bá ta á lólobó, tí wọn ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ eré padà. Láàárín ìgbà tó fọn fèrè sígbà tí wọ́n fi máa gbá pẹ̀náritì yẹn, ìgbà mélòó lẹ lè pè é, wọ́n ṣì máa to èèyàn sẹ́yìn ìlà, gólì á ṣì máa fìgbà ṣòfò. Pé ẹ jù ú lọ, ọ̀wọ̀ tó wà níbẹ̀ náà ni pé kẹ́ ẹ má pariwo ẹ̀ mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹ dúró gbagidi síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ má sáré lọ sáyè pẹ̀náritì, ẹ tẹjú mọ́ ọn títí ojú yín fi máa ṣe mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ etí ẹ fi pè é. Ẹ mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn tí gòlù bá wọlé tí láìnsímàn sì rí nǹkan: kì í sáré padà sí àárín, ńṣe ló máa dúró bí òpó, rẹfirí tó bá mọṣẹ́ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, "ìta ìlà ló ti fẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó ku ìgbésẹ̀ kan kó wọlé". Ìpinnu kù sọ́wọ́ ẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ti ba orúkọ àwọn tó tóbi jẹ́ o. World Cup 2006, ọjọ́ 22 oṣù June, Croatia àti Australia, rẹfirí Graham Poll fún Josip Šimunić ní yẹ́lò mẹ́ta kó tó lé e jáde. Nọ́ḿbà 3 Croatia ni ọkùnrin náà, ìgbà tí Poll sì fún un ní yẹ́lò kejì, abẹ́ nọ́ḿbà 3 Australia ló kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá ń kọ̀wé lórí ìrìn lè ṣe irú ẹ̀. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni pé láìnsímàn méjì wà níbẹ̀, rẹfirí kẹrin náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì nílò ò ju "ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ rèé" lọ, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré padà.

Ẹ sì sọ ọ́ kó pé. Ọjọ́ 30 oṣù September 2023, Tottenham àti Liverpool, Luis Díaz ti Liverpool gbá gòlù wọlé, wọ́n gbé àsíá ọ́fsáìdì sí i. Ẹni tó wà nídìí VAR, ìyẹn fídíò tí wọ́n fi ń yẹ ìdájọ́ wò, yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò sí ọ́fsáìdì níbẹ̀, àmọ́ ó ti gbàgbé pé wọ́n ti fagi lé gòlù náà lórí pápá, ó rò pé wọ́n gbà á ni, ló bá ní àyẹ̀wò ti parí. Lójú rẹfirí inú pápá, ìtumọ̀ ìyẹn ni pé kí ọ́fsáìdì dúró. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n gbá a, ẹni tó ń gbé fídíò fún wọn ló kọ́kọ́ fura, ìgbà tó sì yé wọn, eré ti bẹ̀rẹ̀ padà, òfin ò jẹ́ kí wọ́n dá a dúró mọ́. Liverpool fìdí rẹmi, 2 sí 1. Ká ní ó sọ pé "kò sí ọ́fsáìdì, gba gòlù yẹn" ni, ariwo ò ní sí. Torí náà tẹ́ ẹ bá dé etí rẹfirí, ẹ má sọ pé "ó dáa" tàbí "mo ti rí i", ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè: Èmi ni rẹfirí kìíní ní fọlibọ́ọ̀lù. Ṣé mo lè yí ìdájọ́ láìnsímàn padà láìbi í? — *Orí Àga*

Ìdáhùn: Ẹ lè yí i. Òfin fọlibọ́ọ̀lù fún yín láṣẹ lórí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnìkan ṣì í ẹ yí i, kódà ẹ lè pààrọ̀ ẹni tí ò ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní tẹ́nìsì wọ́n dín in kù, ẹni orí àga lè yí ti láìnsímàn padà kìkì tí àṣìṣe yẹn bá hàn gbangba, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é lójú ẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró kí ẹlẹ́sẹ̀ ayò bínú kó tó rántí. Èmi fẹ́ràn ti tẹ́nìsì yẹn, ẹni tẹ́ ẹ fi síbi ìlà, ìlà yẹn nìkan ló ń wò, ẹ̀yin ń wo nǹkan mẹ́wàá. Tí kò bá hàn gbangba, ẹ jẹ́ kí tiẹ̀ dúró.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn eré kóòṣì wá bá mi, ó ní "ìwọ náà rí i pé pátínà ẹ ja wá lólè, àbí?" Mo sì rí i lóòótọ́ pé pátínà mi ṣì í. Kí ni kí n sọ? — *Mo Há Sáàárín*

Ìdáhùn: Sọ fún un pé ẹni tó fọn ún ló lè ṣàlàyé ẹ̀, kó o máa lọ. O ò purọ́, o ò sì ta ẹnikẹ́ni. Tí ẹnìkan bá máa jẹ́wọ́, ẹni tó ṣe é ló ni ìjẹ́wọ́ yẹn. Ọjọ́ 2 oṣù June 2010, Jim Joyce tó jẹ́ ọ̀ǹpáyà béèsìbọ́ọ̀lù sọ pé ẹni tó yẹ kó jáde ò jáde, ó sì fi ba perfect game Armando Galarraga tó ń ju bọ́ọ̀lù jẹ́, ìyẹn eré tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn alátakò tó dé béèsì, ẹnìkan ṣoṣo ló kù kó pé. Ìgbà tó rí fídíò ẹ̀ lẹ́yìn eré, òun fúnra ẹ̀ ló bọ́ síwájú àwọn oníròyìn pé òun ṣì í. Lọ́jọ́ kejì Galarraga ló mú ìwé orúkọ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ayò wá fún un lórí pápá, ọkùnrin náà sì da omi lójú.

Tẹ́ ẹ bá dé yàrá tẹ́ ẹ ti ń pààrọ̀ aṣọ, kọ́kọ́ bi í pé kí lòun rí kó o tó sọ tìẹ, má sì sọ ọ́ níwájú àwọn tó wá gba ọwọ́ yín. Tọ́rọ̀ náà bá le, bíi pé wọ́n fún ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ní rẹ́ẹ̀dì káàdì, rọ̀ ọ́ kóun kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tì ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ẹni tí wọ́n fún ní káàdì lè ti pàdánù eré tó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá kọ̀, tí wọ́n sì bi ìwọ ní ìwé, kọ ohun tó o rí.