Fífi Ahọ́n Gé Ohùn Lórí Bass Clarinet

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí ohùn ìsàlẹ̀ bass clarinet yín (kílárínẹ́ẹ̀tì ńlá tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀) fi ń pẹ́ kí ó tó jáde, tí ó sì ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn bí ẹ bá fi ahọ́n gé e (ìyẹn, kí ẹ fi ahọ́n ya ohùn kan sọ́tọ̀ sí èkejì), ọdún méjì gbáko ni èmi náà fi jìyà rẹ̀. Kílárínẹ́ẹ̀tì kékeré ni mo ń fọn kí ẹgbẹ́ olórin wa tó gbé ńlá yìí lé mi lọ́wọ́, mo sì rò pé bí mo ṣe ń fi ṣóńṣó ahọ́n kan ṣóńṣó ríìdì (pẹlẹbẹ tínrín tí ó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè) lórí ti kékeré náà ni n ó ṣe máa ṣe é.

Ríìdì ti ńlá fẹ̀, ó sì gùn jù ú lọ, ọrùn fèrè náà sì tẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹnu wa tààrà, nígbà tí ti kékeré ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Bí mo bá ní dandan kí ṣóńṣó pàdé ṣóńṣó, àfi kí n fa ahọ́n sẹ́yìn, kí ó sì ká jọ sọ́nà ọ̀fun, níbi tí yóò ti dí èémí lọ́nà. Nígbà tí mo jẹ́ kí ẹ̀yìn ṣóńṣó ahọ́n díẹ̀ kan ríìdì ní ìsàlẹ̀ etí rẹ̀ díẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fọwọ́ kan ojú ọmọ tí ó ń sùn, ni ara tù mí.

Èémí ni ó ń mú ríìdì gbọ̀n. Iṣẹ́ ahọ́n kò ju kí ó dá a dúró, kí ó sì tún fi í sílẹ̀. Ẹ gbé ahọ́n lé ríìdì, ẹ jẹ́ kí èémí kọ́kọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, kí ẹ tó gbé e kúrò. Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ ni mo fi ń ṣe èyí lórí ohùn E ti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú metronome (ẹ̀rọ tí ń lu ìlù déédéé) ní ìlù 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, láìjẹ́ kí èémí já láàárín. (Slap tongue, ìyẹn fífi ahọ́n fa ríìdì kí ó lè dún pà, tí àwọn kan ń fi dárà jẹ́ ọ̀ràn mìíràn, ẹ má tíì dé ibẹ̀.) «Tú» ni wọ́n kọ́ mi kí n máa pè nínú ẹnu, ṣùgbọ́n «dì» inú «dìde» sàn fún mi, nítorí ó ń jẹ́ kí ahọ́n dúró lókè.

Ibi tí èyí ti ṣe pàtàkì jù ni ohùn òkè: bí ẹ̀yìn ahọ́n bá wó lulẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ kan yóò kọ́kọ́ kùn kí èyí tí ẹ fẹ́ tó dé. Ẹ wo dígí. Àgbọ̀n yín kò gbọdọ̀ mì.

Ẹ yẹ ríìdì yín wò pẹ̀lú. Ọjọ́ tí mo kúrò lórí ríìdì líle 3½ bọ́ sí 2½ tí ó rọ̀ jù ú lọ ni mo mọ̀ pé ahọ́n nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi.