PATCH dá 200 padà, síbẹ̀ ètò àkọsílẹ̀ ìjàǹbá ò yí: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ ìkọ́lé kan ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Procore, ètò orí ayélujára fún iṣẹ́ ìkọ́lé, la sì fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sáìtì wa. Ọ̀gá ètò ààbò fẹ́ kí gbogbo àkọsílẹ̀ ìjàǹbá tuntun máa jẹ́ ìkọ̀kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí n fi orúkọ ẹnì kan kún àwọn tó ń gba ìfitónilétí. Sáìtì ti pọ̀ jù fún kí n máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá kọ kóòdù tó ń fi PATCH (àṣẹ tó ń yí apá kan ètò padà) ránṣẹ́ sí API, ọ̀nà tí kóòdù fi ń bá Procore sọ̀rọ̀. 200 ló ń dá padà, ìyẹn ni pé ó ti ṣe é, àmọ́ ti ìkọ̀kọ̀ ò yí. Ní àwọn sáìtì kan, orúkọ tuntun nìkan ló kù nínú àkójọ. Àwọn mìíràn ń dá 403 padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìṣòro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó pọ̀ yẹn, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkójọ orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kódà bó bá gbà pé kí ẹ fọwọ́ ṣe é lójú Procore fúnra rẹ̀ lónìí. Òfin OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fún agbanisíṣẹ́ ní wákàtí 8 péré láti fi ikú òṣìṣẹ́ tó ìjọba létí. Bí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́ sílé ìwòsàn fún ìtọ́jú, tí ẹ̀yà ara gé, tàbí tí ẹnì kan pàdánù ojú, wákàtí 24 ni. Bí fóòmànù bá kọ ìjàǹbá sílẹ̀, tí ẹni tó yẹ kó pe OSHA ò rí ìfitónilétí gbà nítorí pé kóòdù ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, aago ò ní dúró dè é.

Ohun tó pa àwọn orúkọ náà rẹ́ nìyí. PATCH kì í fọwọ́ kan pápá (àyè kan nínú ètò) tí ẹ kò dárúkọ, ṣùgbọ́n pápá tí ẹ bá dárúkọ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń pààrọ̀. Bí àkójọ bá jẹ́ [101, 102, 103] tí ẹ fi [104] ránṣẹ́, ohun tí sáfà gbọ́ ni pé 104 nìkan ni ẹ fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi GET ka ètò sáìtì náà, kí ẹ fi 104 kún ohun tí ẹ bá níbẹ̀, kí ẹ wá fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́. Ẹ má ṣe mú àkójọ sáìtì kan lẹ̀ mọ́ gbogbo ìyókù, torí àwọn tó wà ní sáìtì kan kọ́ ló wà ní òmíràn. Ẹni tí kò bá sí nínú Directory (àkójọ àwọn ènìyàn) sáìtì náà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ fi í kún.

Ewu kan wà níbẹ̀ tó burú ju èyí lọ. Bí GET bá kùnà, tí kóòdù yín sì gba àkójọ òfìfo [] dípò ìdáhùn, PATCH tó tẹ̀ lé e á gbá gbogbo orúkọ dànù. Ẹ jẹ́ kí kóòdù fo sáìtì yẹn, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kó má ṣe PATCH rárá.

Ní ti 200 tí kò yí nǹkan kan, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé orúkọ pápá ò bá ti API mu, tàbí pé ẹ kò fi pápá náà sínú àpò JSON (ọ̀nà ìkọ dátà) tí API ń retí. Sáfà lè fojú fo ohun tí kò mọ̀, kó sì ní ó ti parí. Ẹ da orúkọ pápá kọ látinú ìdáhùn GET gan-an, ẹ má fi àbá kọ ọ́. Ti àpò, ẹ wò ó nínú àlàyé API fún ẹ̀yà tí ẹ ń lò. Ẹ rí i pé true lẹ kọ, kì í ṣe "true" tó wà láàárín àmì ọ̀rọ̀, àti pé Content-Type jẹ́ application/json. Ẹ tún wo àdírẹ́sì náà dáadáa: ohun tí ẹ bá yí nínú sandbox (ibi ìdánwò) ò ní hàn ní api.procore.com, nọ́ńbà sáìtì ibẹ̀ sì lè yàtọ̀. Ètò ìkọ̀kọ̀ yìí kì í sì í padà sẹ́yìn: àkọsílẹ̀ àtijọ́ á wà bó ṣe wà, torí náà ẹ má fi wọ́n díwọ̀n bóyá àyípadà ti wọlé. Bó bá jẹ́ pé pápá tó pọn dandan lórí fọ́ọ̀mù ni ẹ ń wá, inú fieldset (ètò àwọn pápá fọ́ọ̀mù) ní Admin ilé iṣẹ́ ló wà.

403 túmọ̀ sí pé token yín (kọ́kọ́rọ́ tí kóòdù fi ń wọlé) dára, àmọ́ ẹni tó ni ín kò láṣẹ. Àkáǹtì iṣẹ́ tí kóòdù ń lò gbọ́dọ̀ ní àyè sí sáìtì kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ Admin lórí Incidents níbẹ̀. Sáìtì tí wọ́n ṣí lẹ́yìn tí ẹ ti fún àkáǹtì náà láṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ 401, token ti kú: ẹ wo expires_in nígbà tí ẹ bá gbà á, kí ẹ gba tuntun kó tó di ìgbà yẹn. Bó bá jẹ́ 404, ẹ yẹ Procore-Company-Id inú header wò pẹ̀lú nọ́ńbà sáìtì. 429 ní tirẹ̀ ń sọ pé ẹ ti yára jù; ẹ dúró di àkókò tí X-Rate-Limit-Reset bá kọ.

Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ lórí ìkọ̀kọ̀ yìí pẹ̀lú. Ó ń dín àwọn tó lè rí àkọsílẹ̀ nínú Procore kù ni, kò rọ́pò òfin. Fún àwọn ọ̀ràn bí ìfipábánilòpọ̀, àìsàn ọpọlọ tàbí HIV, OSHA ò fẹ́ kí orúkọ òṣìṣẹ́ hàn lórí Form 300 (ìwé àkọsílẹ̀ ìpalára àti àìsàn iṣẹ́) rárá, ẹ̀yin lẹ máa rí sí ìyẹn fúnra yín.

Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ fi ìdáhùn GET sáìtì kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú fáìlì tó ní ọjọ́ lára. Òun lẹ máa fi dá nǹkan padà bó bá bàjẹ́. Ẹ fi sáìtì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn PATCH, ẹ tún un kà pẹ̀lú GET, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ rán, torí 200 nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wá kọ àkọsílẹ̀ ìdánwò kan, kí ẹ bi gbogbo ẹni tó wà nínú àkójọ bóyá ìfitónilétí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ìdánwò ni, kí ẹ sì pa á rẹ́ lẹ́yìn náà kó má baà wọnú ìròyìn ìjàǹbá ọdún.