Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ ní yàrá méjì tí ẹ ń gbé ní Mọ́kọ́lá ti kún fún ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ ó ti mú un. Ẹ fi pálọ̀ sílẹ̀ ná. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ.

Nígbà tí mo tú tèmi, ike tí wọ́n ń pín lóde ìnáwó tí mo kó jáde jẹ́ 37! Ọ̀pọ̀ ò ní ìdérí, orúkọ olóògbé tí mi ò mọ̀ rí wà lára wọn. Mẹ́fà ni mo dá padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Aṣọ ẹbí ló le jù (bàbá àwọn ọmọ ní kí n má fọwọ́ kan tòun, mo ti gbà). Áńkárá tí kò bá gbà yín mọ́, ẹ gbé e fún télọ̀ kó fi rán ṣòkòtò ọmọ. Fáànù tó ti kú, ẹ tà á fún àwọn tó ń ti ọmọlanke ra irin àlòkù. Ẹ má sun bátìrì mọ́ ìdọ̀tí o, èéfín rẹ̀ léwu.

Igun kan lójúmọ́. Bí ẹ bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀, iná á lọ, ilẹ̀ á ṣú, àwọn ìbejì ò ní ríbi sùn.