Ozone fún egbò ẹsẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà: ohun tí ojú wa rí

Àǹtí tó béèrè nípa ìyá ọkọ wọn, tí egbò ìtọ̀ ṣúgà wà ní gìgísẹ̀ wọn, tí kílíníìkì kan ní àwọn á fi ozone, gáàsì kan tí wọ́n ń fi ọ́síjìn ṣe, wò ó ṣùgbọ́n kí màmá kọ́kọ́ fi ínsúlínì àti antibiotics sílẹ̀ kí ara wọn lè gbà á dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ o. Mo ti fẹ́ ka ọ̀rọ̀ yìí kọjá ni, ibi ínsúlínì yẹn ló dá mi dúró.

Wọ́n ṣe ozone fún màmá tèmi náà. N ò ní bú u, n ò sì ní bá wọn polówó ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń ṣe é, abẹ́rẹ́ ínsúlínì wọn ò yẹ̀, dókítà tó ń tọ́jú wọn ní ọsibítù ìjọba sì mọ̀ sí gbogbo ẹ̀.

Bàtà tuntun ló há wọn lẹ́sẹ̀, ó bó ìka kékeré, wọn ò sì mọ̀ ọ́n lára torí ẹsẹ̀ yẹn ti kú tipẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ní onítọ̀ ṣúgà nílé á mọ nǹkan tí mò ń sọ, ìṣó lè gún wọn kí wọ́n ṣì máa rìn lọ. Òórùn ló tú àṣírí. Nígbà tá a máa bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ìka ti dúdú, ọyún ti gba abẹ́ ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n gé ìka yẹn, èyí tó kù wá kọ̀ kò jiná, ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́ nípa ozone.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á fi omi dríìpù fọ egbò, wọ́n á jẹ́ kó tutù bẹ́ẹ̀ torí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lójú gbígbẹ, wọ́n á wá ki ẹsẹ̀ bọ náílọ̀n tó nípọn títí dé ojúgun, wọ́n á so ó pinpin, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ẹ̀rọ á sì máa tú gáàsì sí i. Ọ́síjìn láti inú sílíńdà ni, iná tó lágbára ló ń nà án nínú ẹ̀rọ yẹn tí díẹ̀ nínú ẹ̀ fi ń di ozone, kì í ju 5% lọ, ọ́síjìn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Bí ìdajì wákàtí ni ẹsẹ̀ fi máa ń wà níbẹ̀. Kì í dunni. Rọ́bà tí wọ́n fi ń so náílọ̀n yẹn nìkan ló máa ń sán tó sì máa ń já, torí ozone máa ń jẹ rọ́bà, ibẹ̀ lèmi ti mọ̀ pé nǹkan yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ eré. Ó yẹ kí wọ́n fa gáàsì yẹn padà kí wọ́n tó tú náílọ̀n. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ṣáà tú u ni, òórùn bíi ti ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì tó ti gbóná jù gba yàrá kan, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ti màmá ò dá dìrọ̀lẹ́. Gáàsì yẹn kì í ṣe àfàsímú rárá o. Ẹni tó bá ní asthma, kó má tiẹ̀ jókòó sí yàrá yẹn.

Wọ́n tún fẹ́ ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, wọ́n á po ozone mọ́ ọn, wọ́n á dá a padà sí iṣan. Wọ́n fi ti ẹlòmíì hàn wá, ẹ̀jẹ̀ tó dúdú ló pọ́n fòò lójú wa, wọ́n ní ṣé ẹ rí i pé ó ti mọ́. Mímọ́ kọ́ o jàre, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti rí ọ́síjìn, pípọ́n ló máa pọ́n.

Dókítà wa ló ní ká dúró ná, ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì G6PD, ìyẹn èròjà kan nínú ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Tí G6PD ò bá tó lára èèyàn, ozone tó bá wọ ẹ̀jẹ̀ lè máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ibà pọ́njú á dé, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ. Ṣé ẹ rántí bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń kìlọ̀ pé ká má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ jòjòló? Ọ̀rọ̀ kan náà nìyẹn. Àìtó G6PD yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an, àbúrò mi ọkùnrin ní in, ọ̀dọ̀ ìyá sì lọmọkùnrin ti ń jogún ẹ̀. Èsì màmá jáde, kò dáa tó, a ò bá wọn dé ìdí ti ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kílíníìkì yẹn ò béèrè irú ẹ̀, ohun tí wọ́n bi wá ni pé ṣé transfer ni àbí POS.

Dókítà yẹn ò fi ozone ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ní wọ́n ti ń lò ó ní Kúbà tipẹ́, wọ́n tiẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní 2005 lórí èèyàn 101 tó ní irú ẹsẹ̀ yìí, wọ́n fi wé antibiotics, egbò àwọn tó gba ozone sì kéré sí i ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti gbé wọn yẹ̀ wò, wá ìwádìí tó bójú mu jọ ní 2015, mẹ́ta péré ni wọ́n rí, èèyàn 212 lápapọ̀, wọ́n ní kò tíì tó ohun téèyàn lè gbára lé. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní tiwọn kọ ọ́ sínú òfin pé gáàsì olóró ni, pé àwọn ò mọ ìwúlò kankan fún un nínú ìṣègùn.

Ohun tí èmi fojú mi rí ni pé òórùn dín kù kíákíá, ọyún náà dín kù. Bóyá ozone ni, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà, torí láàárín ìgbà yẹn kan náà wọ́n ń ha ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n ya X-ray láti wò ó bóyá ó ti wọ egungun, ṣúgà tó máa ń fò kọjá 300 ti rọlẹ̀, a sì gba bàtà lọ́wọ́ màmá. Èyí tó le jù nìyẹn o, obìnrin tó ti fi ogójì ọdún ná ọjà, ẹ ní kó má tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀! Ìjà ojoojúmọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ́kọ́rọ́ géètì lọ síbi iṣẹ́.

Egbò yẹn jiná. Àfi bí mo ṣe rí fọ́tò ẹsẹ̀ màmá mi lórí status kílíníìkì yẹn, tẹ́lẹ̀ àti ìsinsìnyí, "Ozone lágbára!" Wọn ò dárúkọ ínsúlínì, wọn ò dárúkọ dókítà tó fi ọ̀bẹ ha á. Wọn ò tiẹ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà Àǹtí, tí ẹ bá ṣì fẹ́ ṣe é, kó jẹ́ ti inú náílọ̀n nìkan, kí dókítà màmá mọ̀ sí i, kí ínsúlínì máa lọ. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n nípa G6PD. Tí wọ́n bá ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé màmá padà sínú mọ́tò.