Ìdí tí a kì í fi í tún ẹ̀rọ ṣe nítorí ìgò kan

Ẹ béèrè ìdí tí ọ̀gá yín kò fi gbà kí ẹ tún ẹ̀rọ tó ń rọ nǹkan sínú ìgò ṣe nígbàkúùgbà tí ìgò kan bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí mìlílítà 500. Lójú tèmi, ọ̀gá yín ló jàre. Ìyàtọ̀ kéékèèké kan wà tó jẹ́ ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Òmíràn ní ohun pàtó tó fà á, bíi rọ́bà ìdíhò tó ti gbó. Walter Shewhart, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ló gbé àtẹ tí a fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1924.

Ẹ mú ìgò márùn-ún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò ìpíndọ́gba wọn, kí ẹ sì fi àmì rẹ̀ sórí àtẹ tó ní ìlà àárín, ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀. Bí àmì bá yọ kọjá ìlà òkè tàbí ìlà ìsàlẹ̀, tàbí tí mẹ́jọ bá tò tẹ̀ léra wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan ìlà àárín, ẹ wá ohun tó fà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí pé ẹni tó bá ń fi gbogbo ìyàtọ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan tún ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ ṣe ń sọ variance rẹ̀ (ìwọ̀n bí ohun inú àwọn ìgò ṣe ń yàtọ̀ síra tó) di ìlọ́po méjì ni. Inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ la sì ti ń ṣírò ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn (ọ̀pọ̀ ló ń ṣi èyí mú), kì í ṣe inú ohun tí oníbàárà béèrè fún.